Èyí Yàtọ̀

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń gé igi férémù
ní ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ibùsùn ọkọ àti ìyàwó lọ,
ní Gàríkì, lẹ́yìn ọjà.
Ọyẹ́ á gbé eruku láti ìhà Kánò wá lé dígí mi lórí,
mo nù ún láàárọ̀, ó padà lọ́sàn-án.
Ojú àwọn alágbára ayé ni mo fi ń jẹun:
mò ń nù wọ́n ni.

Kọ́múréèdì Tersoo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè,
ẹni tó lo oṣù méje látìmọ́lé nígbà àwọn ológun,
tí àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká bí aago.
Ó tú bébà kúrò lára àwòrán kan:
ọ̀dọ́kùnrin tó dé fìlà pupa, gíláàsì dúdú lójú,
ọ̀gágun ilẹ̀ òkèèrè
tó ti ilé aṣòfin pa, tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò ṣòkòtò.
Mo ní, “Ṣebí ológun lèyí náà?”
“Èyí yàtọ̀. Ó lé òyìnbó lọ.”
“Àwọn oníròyìn tó tì mọ́lé ńkọ́?”
Ó bojú wo aago tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.
“Fi góòlù sí i létí,” ló wí, ó lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Alàgbà Fágbàmígbé yọ láti Maitama.
Òmìnira kì í wọ́n lẹ́nu tirẹ̀:
òmìnira ọjà, òmìnira ìjọsìn, òmìnira owó lọ́wọ́ ìjọba.
Ó rí ọ̀gágun tó ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó pòṣé:
“Apàṣẹwàá! Àwọn Tersoo wọ̀nyí ò nítìjú!”
Ló bá fa tirẹ̀ yọ lábẹ́ abíyá,
arúgbó kan, ọwọ́ lórí Bíbélì, ẹ̀rín lẹ́nu,
ọgbọ̀n ọdún lórí àga kan ṣoṣo.
Ẹni tó bá dìbò ta kò ó, ilé rẹ̀ a máa jó lóru.
N kò tíì lanu tán.
“Èyí yàtọ̀. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Títì rẹ̀ mọ́ tónítóní.
Góòlù, jọ̀ọ́. Èyí tó nípọn.”

Aláǹgbá kan wà lára ògiri,
ó ń mi orí sí Kọ́múréèdì, ó ń mi orí sí Alàgbà.

Bàbá mi náà, kí Ọlọ́run forí jì í.
Kàdúná la wà nígbà náà, ọmọdé ni mí,
ṣọ́jà fi kòbókò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà búrẹ́dì.
Ẹ̀yìn rẹ̀ bó. Màmá fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó o.
Títí ó fi kú, ó ń wí pé
ìgbà yẹn gan-an ni ìlú tòrò.

Mo wọn àwòrán méjèèjì:
ínṣì mẹ́rìndínlógún ní ìbú, ogún ní òòró.
Pákó kan náà ni mo gé fún wọn.
Mo kọjú wọn síra kí góòlù lè gbẹ,
NEPA mú iná lọ, a tan fìtílà,
ọ̀gágun wà nínú dígí arúgbó, arúgbó wà nínú dígí ọ̀gágun.

Ishaku, ọmọṣẹ́ mi, ọmọ Kagoro, ń gbá ìyẹ̀fun igi jọ.
Ó ní, “Ọ̀gá, ta ló jàre nínú wọn?”
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo ní òmùgọ̀ ni àwọn méjèèjì.
Ó gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.
“Ọ̀gá, ọdún mẹ́rin la kọ sínú ìwé.
Ọdún keje rèé. Ìgbà wo ni fírídọ̀ọ̀mù mi?”

Mo ní, “Tìẹ yàtọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀ ọ́n.
Ishaku kò bínú, kò dáhùn.
Ó mú téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo jù èèkù pákó sí,
ó wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n.
“Igi ṣì kù, Ọ̀gá,” ló wí.
“Yóò tó fún ẹnì kan sí i.”